Àbàtà Tí Omi Ń Wọ̀ Tó Sì Ń Gbẹ: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Mú Màmá Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mú màmá mi àti ọmọ mi lọ sí ọ̀nà ìrìn kan tí wọ́n là gba inú àbàtà kọjá, irú èyí tí omi ń kún ní àsìkò kan tí á sì gbẹ ní àsìkò mìíràn. Màmá ti pé ọdún 68, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ mi jẹ́ ọdún 7, kò sì mọ bí wọ́n ti ń dúró sójú kan. Wọ́n ní ọ̀nà náà rọrùn, pé kìlómítà 2 àbọ̀ péré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ní òun kò rí ju koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ tó ti là lọ. Ìgbà wo ló yẹ ká lọ? Kí la máa mú dání? Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ ló rí. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé bí òun ṣe bá ibẹ̀ ni ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Irú àbàtà yìí, bí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí lórí ilẹ̀ kan náà: ìgbà tí omi ń wọlé, ìgbà tó kún, àti ìgbà tó ń fà títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì rí ju ìdámẹ́ta rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi oṣù yan ọjọ́ yín. Omi ni kí ẹ fi yàn án. Nígbà tí omi bá ti ń fà ṣùgbọ́n tí kò tíì fà tán, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé màmá lọ.

Èyí kì í ṣe nítorí pé ìgbà yẹn ló lẹ́wà jù. Tó bá jẹ́ ti ẹwà ni, ìgbà tí omi kún ló borí: òṣíbàtà á tanná, ojú ọ̀run á hàn nínú omi, fọ́tò á dùn ún yà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, gbogbo ohun abẹ̀mí ibẹ̀ ló ti tú ká. Ẹja ní ibi tó fẹ̀ tó lè sá sí, ẹyẹ náà kò sì ní ìdí láti kóra jọ síbì kan. Ẹ óò rìn títí, ẹyẹ méjì mẹ́ta ni ẹ óò rí lókèèrè. Bí omi bá wá ń fà, adágún ńlá á di kòtò-kòtò, ẹja á há sínú ìwọ̀nba omi tó kù, ìròyìn náà á sì kan gbogbo ẹyẹ odò tó wà nítòsí. Mo ti rí lékeléke àti àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn lóríṣiríṣi tó lé ní ọgọ́ta lẹ́bàá kòtò omi kan tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Wọn kò tilẹ̀ wo ojú wa. Ẹni tó ń sáré jẹun kò ráyè àlejò.

Ìdí nìyí tí kàlẹ́ńdà fi ń tan èèyàn jẹ. Ní Everglades, àbàtà ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀nà kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní Anhinga Trail. Ẹyẹ àti ọ̀nì ibẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin. Ní Mamukala, nínú ọgbà Kakadu lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ magpie goose ń ya bo omi tó ṣẹ́kù. Oṣù wọn jìnnà síra, àmọ́ nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: omi ń dín kù.

Ẹ tún wo Okavango, àbàtà ńlá kan ní Botswana. Ìgbà tí òjò kò rọ̀ rárá níbẹ̀, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ni omi ibẹ̀ ń kún jù, nítorí pé orí òkè Angola ni òjò náà ti rọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, tó wá ń rọra ṣàn bọ̀. Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Kò sí àbàtà tí kò ní ìbátan níbì kan. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ìgbà tí ibi tí ẹ fẹ́ lọ ń kún, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá. Ṣé òjò ibẹ̀ ni? Ṣé odò kan ló ń kún àkúnya wọ̀ ọ́? Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń sun, àbí yìnyín orí òkè ló ń yọ́ wá? Èyí tó bá jẹ́ ti òjò tààrà lè kún lọ́sẹ̀ kan kó sì gbẹ láàárín oṣù méjì. Èyí tó jẹ́ ti odò tàbí ti abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣe é fọkàn sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà náà lórí fóònù. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ó dáa láti wá báyìí?” Bẹ́ẹ̀ ni ni wọn óò máa dáhùn títí ayé. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni etí omi wà lónìí, ṣé ó kan ọ̀nà, ṣé ó ti sún sẹ́yìn, ta ló sì rìn ín kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí fọ́tò ibẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yà á kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹrẹ̀ tí ọ̀rẹ́ yín fojú tín-ín-rín. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ibi tó gbẹ fún oṣù mẹ́fà ṣì ń jẹ́ ilẹ̀ olómi. Ó ń jẹ́ ẹ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ilẹ̀ olómi ní ìlú Ramsar ní Ìráànì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971, ka ibi tí omi rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ mọ́ ọn láìyọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Mozambique àti Zimbabwe, ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Nothobranchius furzeri. Inú kòtò omi òjò ló ń gbé. Bí òjò bá rọ̀, ó lè yọ jáde nínú ẹyin, kó dàgbà, kí òun náà sì máa yé ẹyin láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Omi á gbẹ, gbogbo ẹja á kú, ẹyin wọn á wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò mìíràn. Ẹja mìíràn tún wà nílẹ̀ Áfíríkà tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tiwa. Bí omi bá ń lọ, á wa ihò wọ inú ẹrẹ̀, á fi ohun yíyọ̀ tó ń jáde lára awọ rẹ̀ ṣe bí aṣọ bora, á sì sùn. Ó lè sùn ju ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè ti dúró lórí odindi agbo ilé kan, kó máa sọ pé kò sẹ́nì kankan nílé.

Nígbà mìíràn tó bá bá a ní gbígbẹ, kí ó lóṣòó, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti là dáadáa. Á rí karawun ìgbín omi wẹ́wẹ́ tó ti funfun. Á rí ihò róbótó tí wọ́n mọ ẹrẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká bí ẹnu ìkòkò. Á rí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ tó rìn síbẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì rọ̀, ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tó ti gan báyìí bí ohun tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe. Kí ó tún wo ara igi: ìlà kan máa ń wà tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tòkè. Ibẹ̀ ni omi dé nígbà tó kún. Ó máa ń ya àwọn tí mo ń mú lọ lẹ́nu nígbà tí ìlà náà bá ga ju orí wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ “ọ̀nà náà rọrùn” ló kù, òun ló sì kan màmá jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn ni pé kò ní òkè, kò sì gùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè nìkan ló ń dá orúnkún lágara. Ẹrẹ̀ kò ní òkè, àmọ́ ó lọ́wọ́: ó ń di ẹsẹ̀ mú, bí èèyàn bá sì fẹ́ fà á yọ, orúnkún ló ń yí. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi náà dára púpọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá lè gba orí òmíràn; ṣùgbọ́n bí ìrì bá sẹ̀ sí i tàbí tí nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ yẹn bá ti hù sí i lára, ó burú ju ẹrẹ̀ lọ. Ìdúró sì ni olórí gbogbo rẹ̀. Nínú àbàtà, èèyàn kì í rìn tó bó ti ń dúró. Kìlómítà 2 àbọ̀ tí ẹ lè rìn ní ogójì ìṣẹ́jú lójú títì, wákàtí méjì ni kí ẹ kà á sí níbí, ó kéré tán. Orúnkún tó lè rìn dáadáa lè má lè dúró bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi àwọn onítọ̀hún bóyá àga wà lójú ọ̀nà, àti pé níbo ni àkọ́kọ́ wà. Bí kò bá sí, ẹ gbé àpótí kékeré tó ṣe é ká dání. Kí màmá mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì dípò ọ̀kan, kí ìdí rẹ̀ ní rọ́bà. Lórí pákó, kí wọ́n máa fi ọ̀pá náà sí àárín pákó, kì í ṣe sí àlàfo láàárín méjì. Àlàfo náà máa ń gbé ìdí ọ̀pá mì nígbà tí èèyàn bá gbára lé e. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ èyí tó yí po, ẹ ṣọ́ra, torí tí ẹ bá ti dé ìdajì, iwájú àti ẹ̀yìn jọ jìnnà bákan náà ni. Èmi á ní kí ẹ lọ síbi tí etí omi wà, kí ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì gba ibi tí ẹ gbà lọ padà. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín léèrè ìyókù. Etí omi, níbi tí làbẹ́làbẹ́ ti pàdé ẹrẹ̀ tútù, ni ọjà ibẹ̀ ti ń kún jù. Àárín omi kì í ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń wo ẹyẹ yóò sọ fún yín pé kí ẹ dé ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹyẹ ni wọ́n ń rò, wọn ò ro màmá. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìrì gbẹ lórí pákó, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀ ọ́. Ẹyẹ á ṣì wà. Kí oòrùn wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá ń lọ, kí omi má bàa máa dán sí yín lójú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fi ojú ara mi rí. Lọ́dún kan, mo mú èèyàn mẹ́sàn-án lọ ní déédéé ọjọ́ tí mo mú àwọn mìíràn lọ lọ́dún tó ṣáájú. Lọ́dún ti àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Lọ́dún kejì yìí, òjò pẹ́ kó tó dá, èmi ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. A dé ibì kan, omi ti gun orí pákó, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ní kò jìn, kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Pákó kan ti ṣí lọ nísàlẹ̀ omi, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi rì dé itan, fóònù rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí mo fẹ́ fà á jáde, ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan. Mo fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ẹsẹ̀ kan tí kò wọ nǹkan kan darí àwọn èèyàn náà padà, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti bo pákó, ì báà ṣe bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ti padà nìyẹn.

Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa mú dání. Kò pọ̀: bàtà tó bo ẹsẹ̀ tó sì di ilẹ̀ mú, ẹ má wọ tuntun, aṣọ apá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, akẹtẹ̀, omi mímu tó tó lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, àti awò ọlọ́jú méjì tó ń fa ohun tó jìn súnmọ́ni, tí ẹ bá rí yá. Ẹ fi ajá sílẹ̀ nílé, nítorí ilẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ àbàtà ń yé sí. Kí ẹ tó kúrò nílé àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ fọ ẹrẹ̀ ara bàtà dànù kí ẹ sì sá a gbẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Àrùn kan wà tí ohun tíntìntín kan tó bá olú tan ń fà, tó ń mú ọ̀pọ̀lọ́ lára awọ, ó ti fa àdínkù bá irú ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó tó 500 kárí ayé, ó sì lè ti ara ẹrẹ̀ tútù bàtà dé inú omi mìíràn.

Ní ti ewu, ó sinmi lórí orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Níbi tí ọ̀nì bá wà, àmì sábà máa ń wà. Ẹ gba àmì náà gbọ́ kódà bí omi bá dà bí èyí tó kéré jù fún un. Ejò kì í fẹ́ wàhálà, ẹ má ṣáà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ pákó. Nílẹ̀ Áfíríkà àti àwọn apá kan ní Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ omi tí kò ṣàn, nítorí kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ ń ti ara ìgbín omi wá, wọ́n sì ń gba awọ ara wọlé. Níbi tí eégbọn bá wà, ẹ yẹ ara yín wò nígbà tí ẹ bá délé, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ apá. Ohun tí mo máa ń bẹ̀rù jù, kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa rẹ̀: mànàmáná. Àbàtà tẹ́jú, èèyàn ló ga jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ máa lọ sí ọkọ̀.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Ó wà, àmọ́ kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò níbi tí àbàtà bá ti pé. Ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ tanwíjí, ọmọ lámilámi tó wà nínú omi náà ń jẹ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ sá fún.

Lámilámi yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá ọmọ yín dúró. Ẹ sọ fún un pé kó wá èyí tó ń fi ìdí kan omi, tó ń gbéra, tó tún ń kàn án. Orúkọ rẹ̀ lédè wa ń sọ pé omi ló ń lá, ṣùgbọ́n ẹyin ló ń yé. Irú kan wà nínú wọn, Pantala flavescens, tó ń tẹ̀ lé òjò kiri torí pé inú omi òjò tí kì í pẹ́ ló ti ń bímọ; ó máa ń fò láti Íńdíà sọdá òkun dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ ọdún 7 á fẹ́ mọ bí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ṣe sọdá òkun. Ẹ tún ní kí gbogbo yín jókòó láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dé etí omi. Kọ̀ǹkọ̀ tó dákẹ́ nígbà tí ẹ̀ ń bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí gbogbo wọn á fi dáhùn. Bí ọmọ náà bá lè ka iye tó kọ́kọ́ ké, á jókòó.

Ó dá mi lójú pé yóò rí kòtò kékeré kan tó ń gbẹ lọ, tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń jà ràì-ràì nínú rẹ̀, á sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun kó wọn lọ sínú omi ńlá kí wọ́n má bàa kú. Àánú ló ń ṣe é, ẹ má bú u. Ẹ ṣàlàyé fún un pé inú kòtò yẹn ni ìyá wọn mọ̀ọ́mọ̀ yé wọn sí, nítorí pé ẹja kò sí níbẹ̀. Inú omi ńlá, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹja á fi kó wọn jẹ tán. Àwọn kan nínú wọn, irú ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń pè ní spadefoot ní Amẹ́ríkà fún àpẹẹrẹ, tilẹ̀ máa ń yára hu ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ti rí i pé omi ń dín kù. Níbi tí wọn kò bá ti kọ̀ ọ́ fún àlejò, ẹ fún un ní ìdérí funfun kan, kó rọra bu omi díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn láìki ọwọ́ bọ omi, kó wo ìdí ìrù rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń yọ bí orí abẹ́rẹ́. Kó wá dá a padà sínú kòtò tó ti bù ú, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.